Àwọn SS3 fi ogún sílẹ̀ fún ọmọ mi

Wọ́n pín mi mọ́ ogún lónìí o!

Àwọn SS3 ilé ìwé ọmọ mi ní Yábàá ń jáde lọ, wọ́n wá ń ka ogún ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ fún àwọn àbúrò wọn. Ẹnì kan fi àga tó ń mì sílẹ̀.

Ó kan Tèmi, ọmọ mi tó wà ní JSS1. Ọmọ SS3 kan ní:

"Tèmi, mo fi ẹnu mi sílẹ̀ fún ẹ, kó o lè sọ fún mọ́mì ẹ pé kí wọ́n yéé dúró dè ẹ́ ní géètì."

Ẹ̀rín sọ. Mo sì wà ní géètì, níbi tí mo ti máa ń dúró mú un sọdá títì, mò ń gbọ́.

Nígbà tó jáde, mo ní: "Ṣé ìwọ lo rán wọn?"

"Rárá, Mọ́mì. Ṣùgbọ́n mo ti gba ogún mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá lọ́la."

Ẹ̀yin ìyá, ọmọ ọdún mélòó ni tiyín nígbà tó kọ́kọ́ dá sọdá títì?