Rẹ́kọ́dà Tó Fi Ẹsẹ̀ Àyálò Wọ Ore

Ní ayé ìgbà tí owó epo ń ṣàn bí àgbàrá, bí ọkọ̀ tó ru ẹ̀rọ òyìnbó bá ti kúrò l'Ékòó báyìí, èmi tí mo jókòó sí Ore ti ń gbóòórùn púlọ́ọ̀gì rẹ̀. Kí ọkọ̀ náà tó dé Ìjẹ̀bú-Òde, mo ti mọ̀ bóyá Jámánì ni àbí Amẹ́ríkà. Ti Jámánì a máa rùn bí irin tí òjò pa, ti Amẹ́ríkà a máa ta sánsán bí bọ́tà. Àwọn awakọ̀ a máa yà ní ṣọ́ọ̀bù wa kí wọ́n lè fojú ara wọn rí imú mi.

Ọ̀gá mi kò nílò imú. Múfú lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ọ̀ffà tó wá ṣiṣẹ́ iná ní Ore tí kò padà sílé mọ́. Irin tó yọ lẹ́nu púlọ́ọ̀gì, ẹsẹ̀ là ń pè é. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta onígun, ti ìlú ọba àti tiwa nìyẹn. Ẹlẹ́sẹ̀ méjì roboto, ti Jámánì àtàwọn aládùúgbò rẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ méjì pẹlẹbẹ bí eyín òkété, Amẹ́ríkà.

Síbẹ̀, bí ẹ̀rọ bá wọlé, ọ̀gá á kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ kí i, bí a ti ń kí àwọn àlejò tó ń wá dáko kòkó lọ́dọ̀ wa: níbo lẹ ti wá, kí lẹ sì ń jẹ nílé? A máa ń fi í ṣẹ̀rín. Agbára iná ni oúnjẹ tó ń bèèrè. Òjìlérúgba ni iná tiwa, ti Amẹ́ríkà kò ju bí ìdajì rẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ tó fi ìdajì dàgbà, bí ẹ bá bu odidi fún un, inú rẹ̀ á bẹ́.

Ọjọ́ tí Ìyá Olú dé ni ìkíni yẹn yé mi. Àgbẹ̀ kòkó ni ìyá náà ní Àgọ́ Aláyé, opó, ìyá ìjọ. Olú, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ti pẹ́ l'Amẹ́ríkà débi pé ìyá ní òun ti ń gbàgbé ohùn rẹ̀. Olú wá sọ̀rọ̀ sínú téèpù, ó fi téèpù àti rẹ́kọ́dà rán ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sí i. Iná kò tíì dé abúlé wọn, ìyẹn ló ṣe gbé e wá bá wa. Téèpù náà ti wà lórí ẹ̀rọ, kò sì ní ìkejì. Bí ẹ̀rọ bá jó, ohùn Olú bá a lọ nìyẹn.

Èmi wo ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì, ó jẹ́ mẹ́ta, onígun. Mo gbé e, ó ku díẹ̀ kó wọ ihò ara ògiri, ni ọ̀gá bá gbá mi lọ́wọ́ mú.

"Ṣé o ti kí i?"

"Ọ̀gá, ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní."

"Ẹsẹ̀ ṣeé yá lò. Wo ẹ̀yìn rẹ̀, kí o kà á sí mi létí."

Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, ṣùgbọ́n mo mọ nọ́ńbà ara aago ilé ìwé wa, níbi tí V ti jẹ́ márùn-ún. Mo tẹ̀ ba, mo rí 117, mo rí V lẹ́yìn rẹ̀. Mo gbóhùn sókè bí ẹni tó ń kàwé ní ṣọ́ọ̀ṣì: "Ìkẹtàdínlọ́gọ́fà, ẹsẹ karùn-ún."

Ìyá Olú wò mí tàánútàánú. "Ọmọ mi, Sáàmù kẹtàdínlọ́gọ́fà kò ní ẹsẹ karùn-ún. Ẹsẹ méjì péré ló ní."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. "Ìyá, ẹ kú ìmọ̀ o. Agbára iná ni V yẹn, ti Amẹ́ríkà. Ẹsẹ̀ méjì náà ni wọ́n bí i mọ́. Ẹni tó gbé e wá láti òkè òkun ló gé e, tó fi mẹ́ta sí i kó lè wọ ògiri wa."

Ó gé ẹsẹ̀ àyálò náà sọnù, ó fi pẹlẹbẹ méjì sí i padà, kí ẹnikẹ́ni má baà tún kì í bọ ògiri. Ó fa tiransifọ́mà tó ń dín iná kù yọ lábẹ́ tábìlì, ó wúwo bí ọlọ. Ó ki rẹ́kọ́dà bọ tiransifọ́mà, ó ki tiransifọ́mà bọ ògiri, ó ní kí ìyá fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Téèpù yí. Ohùn jáde, ṣùgbọ́n ó ń wọ́, ó sì ki, bẹ́ẹ̀ ìyá ti sọ fún wa pé ohùn tín-ín-rín ni Olú ní. Mo rò pé ẹ̀rọ ti jó. Ọ̀gá sọ sí mi létí pé ẹ̀rọ ò jó, pé iná a máa lù bí ìlù, ti Amẹ́ríkà ló ń yára lù ju tiwa lọ, ẹ̀rọ yìí sì ń rìn bí iná bá ti ń lù, ló ṣe ń falẹ̀ lórí tiwa, tiransifọ́mà kò rí ìyẹn ṣe. Ó na ọwọ́ láti pa á kó lè bẹ ìyá. Ìyá fọwọ́ bo bọ́tìnnì.

"Múfú, má pa á. Ohùn bàbá rẹ̀ nìyẹn."

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì wa, ọmọ rẹ̀ ń fi ẹnu ọkọ rẹ̀ tó ti kú kí i. Nígbà tí téèpù tán, ó ní ká tún dá a padà síbẹ̀rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹ̀rọ tí n kò kọ́kọ́ kí. Iṣẹ́ yẹn ló bọ́ mi, òun ló kọ́lé fún mi l'Ódigbó. Ọlọ́run kẹ́ Ọ̀gá Múfú, kó kẹ́ Ìyá Olú tó kọ́ mi ní Sáàmù.

Ní ti imú mi, irọ́ ni. Kò gbóòórùn púlọ́ọ̀gì rí, àfi ọbẹ̀ aládùúgbò. Kò sì sí awakọ̀ kankan tó yà wò ó. Ibẹ̀ nìkan ni mo ti bù mọ́ ọn. Ohùn yẹn, èmi kọ́, iná wa ló ṣe é.