Kòkó Rí Oòrùn, Aṣọ Ẹ̀gbọ́n Mi Kò Rí I

Nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọdé ní Ìkirè, kò sí ohun tí kì í rí oòrùn lágbàlá wa. Kòkó, gbodo, ẹní ọmọ tó tọ̀ sílé, gbogbo rẹ̀ là ń sá. Bí òjò bá ṣú, bàbá wa á pariwo, a ó sì sáré kó kòkó wọlé kó má baà bu. Aṣọ tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi ń ṣe nǹkan oṣù nìkan ni kì í jáde. Ẹ̀yìn àpótí ìyá wa nínú yàrá ló ń wà, kì í gbẹ tán.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ má rò pé àṣírí ni. Tí a bá tò láti kírun tí ẹ̀gbọ́n mi jókòó sẹ́yìn, gbogbo ilé ti mọ̀. Lọ́jọ́ kan ó sá aṣọ náà sórí okùn. Ìyá wa já a.

"Ṣé o fẹ́ kí bàbá rẹ rí i ni?"

"Ìyá, ṣebí wọ́n ti rí i pé n kò kírun. Aṣọ yìí ti bu, ó ń yún mi. Àbí kòkó sàn jù mí lọ ni?"

"Gbẹ́nu dákẹ́! Aláìnítìjú!"

Nígbà tó yá, ibà dé bá ẹ̀gbọ́n mi, inú rírun dé. Nọ́ọ̀sì tí ìyá wa mú un lọ bá ní àrùn ti wọ ilé ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ẹ fi ọṣẹ fọ aṣọ yẹn, ẹ sá a sóòrùn. Ẹ kì í sanwó fún oòrùn."

Ìyá wa ní, "Nọ́ọ̀sì, ọkùnrin pọ̀ nílé wa."

Ẹ̀gbọ́n mi lọ́kọ, kò bímọ títí ó fi kú. N kò lè búra pé aṣọ náà ló fà á. Ohun tí ojú mi rí ni mo ń sọ.

Mo rò pé páàdì tí wọ́n fi rọ́pò aṣọ ti parí ọ̀rọ̀ yẹn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ọmọ mi ra tirẹ̀ bọ̀ láti Àpòmù. Wọ́n ti tú u kúrò nínú ọ̀rá, wọ́n dà á sínú báàfù lẹ́bàá títì, wọ́n ń tà á lẹ́yọ-ẹyọ. Eruku ti bò ó.

"Ta ló ṣe é?"

"Màmá àgbà, ẹni tó ń tà á gan-an ò mọ̀. Èyí tó wà nínú ọ̀rá ti wọ́n jù."

"Ṣé kì í yún ọ?"

Ó wolẹ̀. "Gbogbo wa ló ń yún."

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo sọ ọ́ nù. Ó ní, "Kí ni kí n wá lò báyìí?"

Wọ́n ní ayé ti lajú. Àpótí ìyá wa ṣì wà ní kọ̀rọ̀ yàrá mi. Òun ni mò ń wò.