Àpá Inú Ẹ̀dọ̀fóró Màmá Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú bí ìwé mi kò bá já geere. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, n kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ kọ nǹkan sílẹ̀.

Òórùn ẹja yíyan kì í kúrò lára aṣọ wa ní Efire, ìlú wa létí omi, bí a tilẹ̀ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìdí ààrò tí Màmá mi ti ń yan ẹja tà ni ikọ́ ti mú wọn, ikọ́ gbígbẹ tí kò lọ, títí ó fi di pé wọ́n á jókòó lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó ti etí omi dé ilé.

Mo mú wọn lọ sí ọsibítù kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Dókítà tó yẹ̀ wọ́n wò, ọ̀dọ́mọbìnrin bí èmi, fara balẹ̀ ṣàlàyé. Ó ní èéfín ti dá egbò sínú ẹ̀dọ̀fóró wọn. Àwọn ọmọ ogun ara, àwọn tó ń bá àrùn jà, ló máa ń sáré wá sídìí egbò. Wọ́n á tú àwọn purotéènì kan jáde, bí ẹni ránṣẹ́, pé kí àwọn tó ń tún ara ṣe wá dí ibi tó bàjẹ́. Ṣùgbọ́n èéfín kò dáwọ́ dúró, iṣẹ́ tí wọ́n ń rán náà kò dáwọ́ dúró, àpá wá ń gorí àpá. Nígbà tó rí i pé kò yé wa, ó béèrè iṣẹ́ Bàbá mi. Mo ní apẹja ni wọ́n. Ó wá bi Màmá pé:

"Tí Bàbá bá ń hun ibi tó já lára àwọ̀n, tí wọn ò ṣíwọ́ títí gbogbo ojú rẹ̀ fi dí, ṣé omi á tún lè gba ibẹ̀ kọjá?"

Màmá ní rárá. Dókítà ní bó ṣe rí fún èémí wọn nìyẹn. Àpá tó ti wà níbẹ̀ kò ní í lọ mọ́. Oògùn kàn lè mú kó máa rọra tàn kálẹ̀ ni, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kúrò nídìí èéfín.

A ò tíì délé tán tí Màmá ti ń sọ fún aládùúgbò wa tó ń yan ẹja pé ara àwọn ló lágbára jù, pé àwọn ọmọ ogun inú àwọn kì í sinmi. Obìnrin náà ní, "Ṣé ká wá máa kí yín ní Ọ̀gágun?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé Màmá. Bí ikọ́ ọ̀hún ṣe rọlẹ̀, Màmá ní kí n kó igi wá sídìí ààrò.

Ó sú mi pátápátá. Mo ní, "Màmá, àṣejù àwọn ọmọ ogun yẹn ló ń fún yín lọ́rùn."

Wọn ò wojú mi. "Bí mo bá fi ààrò sílẹ̀, ta ni yóò polówó ẹja tútù? Ṣé ìwọ tí o kì í lè kí èèyàn kó gbọ́?"

Mo ti ń bínú pé ọ̀rọ̀ dókítà kò yé wọn. Ó yé wọn. Kò kàn sí ẹni tó sọ ohun tí a ó fi ẹja ṣe ni.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí Màmá tó jí, mo kó ẹja tútù tí Bàbá gbé dé sínú abọ́, mo lọ dúró létí títì, mo sì polówó rẹ̀ títí ó fi tán.