Gíríìpù Tí Kò Tíì Ya

Wọn kò mú mi sínú ẹgbẹ́ tẹníìsì ìpínlẹ̀ nítorí awọ pẹlẹbẹ kan tí wọ́n kọ̀ láti pààrọ̀.

Awọ tí à ń wé mọ́ ìdìmú rákẹ́ẹ̀tì ni mo ń sọ, èyí tí àwa eléré ń pè ní gíríìpù. Ìpínlẹ̀ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró nígbà náà ni, èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yunifásítì dé, mo ń kọ́ni ní Iléṣà. Láràárọ̀ Sátidé, mo máa ń wọkọ̀ lọ sí Òṣogbo, n ó sọ̀ ní Òkè-Fìà, n ó fẹsẹ̀ rìn dé pápá. Rákẹ́ẹ̀tì kì í ṣe tiwa. Ti ìjọba ni, wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà sí i lára. Èyí tí wọ́n bá fún ọ lo máa lò títí dé ọjọ́ ìdíje tí wọ́n máa fi yan ẹgbẹ́.

Gíríìpù tó bá ti kú kì í fara pamọ́. Tuntun máa ń rọ̀ díẹ̀, ó máa ń fa òógùn mu. Bó bá ti dán bí ìdí ṣòkòtò ọmọ iléèwé, tóo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ tó le gbagidi, tó jẹ́ pé ńṣe lo ń fún un mọ́wọ́ kó má baà yí, ó ti kú nìyẹn. Ara pàápàá á sọ fún ọ. Ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò tèmi lé ròrò, ó bẹ́, ó tún lé.

Mo gbé e tọ bàbá tó ń ṣọ́ yàrá ẹrù lọ, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ó yí i síwá sẹ́yìn.

"Ṣé ó ti ya ni?"

"Kò ya, sà. Ó ti dán ni. Ó ń yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́."

"Èyí tí kò tíì ya lo ní kí n pààrọ̀! Ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà, ẹ jẹyán tán, ẹ ò fọ ọbẹ̀ kúrò lọ́wọ́, ẹ wá ń dá gíríìpù lẹ́bi."

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Òfin rẹ̀ nìyẹn: ohun tí kò bá ya, kò tíì gbó. Bí ẹni pé aṣọ ìbora ni! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo padà lọ. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo ní kó jẹ́ kí n ra òmíràn fúnra mi. Ó ní ẹrù ìjọba ni, n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Mo bá ya etí ìró ìyá mi, mo fi wé e. Láàárọ̀ ìdíje, bàbá yìí kan náà ló tú u lójú gbogbo èèyàn, ó ní mo ń ba ẹrù ìjọba jẹ́.

Mo gba abala kìíní. Ní abala kejì, oòrùn mú, òógùn dé àtẹ́lẹwọ́ mi, bọ́ọ̀lù tí mo ń sọ sí igun bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú àwọ̀n. Nígbẹ̀yìn, mo gbọ́wọ́ sókè, rákẹ́ẹ̀tì bọ́, ó fò lọ balẹ̀ síwájú tábìlì àwọn tó ń yan ẹgbẹ́. Ọ̀kan nínú wọn kọ ọ́ sínú ìwé. Ojú mi ló ṣe kọ ọ́: ọwọ́ rẹ̀ kò le.

Ọwọ́ mi! Ọmọbìnrin Òṣogbo tó borí mi ló lọ gbé rákẹ́ẹ̀tì náà, ó fọwọ́ pa ìdìmú rẹ̀. "Àǹtí, kí lẹ fi ń gbá bọ́ọ̀lù yìí? Wàláì, ẹja àrọ̀ ò yọ̀ tó báyìí."

Ìgbà tí mo lọ dá rákẹ́ẹ̀tì padà, kọ́bọ́ọ̀dù bàbá ṣí sílẹ̀. Gíríìpù tuntun kún páálí kan, wọ́n ṣì wà nínú ọ̀rá wọn. Mo mú ọ̀kan. Gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ ti gbẹ. Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ báyìí, ó sán sí méjì.

"Rọra o," ni bàbá wí. "À ń tọ́jú wọn ni."

Ta lẹ̀ ń tọ́jú wọn fún? Ta ló ṣòfin pé ó dìgbà tó bá ya? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ ọ́ pé ọwọ́ mi kò le, ta nínú yín ló fọwọ́ kan ìdìmú yẹn kó tó gbé gègé? Ọmọ Òṣómàáló ni mí. Ìdí gbèsè ni àwọn baba mi máa ń lóṣòó sí títí wọn yóò fi gbà á. Ìdí ìbéèrè mẹ́ta yìí ni èmi lóṣòó sí, n kò sì tíì dìde. Ẹ dá mi lóhùn.