Wolé-wolé Ni Mo Fẹ́ Kọ

Tíṣà Yorùbá ni mí. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ ọ́ sójú pátákó pé ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì ohùn, ọmọ tí kò lórúkọ ni. Mo ti bá ọmọ ọlọ́mọ wí nítorí rẹ̀, mo ti fagi lé iṣẹ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí n wá jẹ́wọ́ ohun tí ọwọ́ èmi fúnra mi ṣe sí ìyá tó bí ìyá mi ní Pópó Àgùdà.

Ilé tí ìyá àgbà ń gbé, bàbá bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ nígbà tó ti Bràsíìlì dé. Káfíńtà ni bàbá náà. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ilé náà, wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe òdòdó sára ògiri rẹ̀, orí fèrèsé rẹ̀ sì tẹ̀ kọrọdọ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ẹnu ọ̀nà ló máa ń pa mí lẹ́nu mọ́. Bàbá yẹn gbẹ́ ewé àjàrà sí i láti òkè délẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń fi ìka tọ àwọn ewé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, n kò sì tíì rí méjì tó jọra. Mo ti dàgbà, irun mi ti ń funfun, tí mo bá dé ẹnu ilẹ̀kùn yẹn mo ṣì máa ń dúró wò ó.

Nígbà òjò tó kọjá, gọ́tà iwájú ilé dí, omi sì wọ pálọ̀. Ìgbà tí mo débẹ̀, mo bá ìyá àgbà tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún tó ń fi ìgbálẹ̀ gbá omi jáde. Inú bí mi gan-an. Bí aṣọ mi ṣe tutù yẹn, mo gba káńsù lọ láti lọ jà.

Wọn ò jẹ́ kí n rí ẹni bá jà. Obìnrin kan tó wọ yúnífọ́ọ̀mù, tó ṣeé bí lọ́mọ, ló fún mi ní àga. Òun ni wolé-wolé àdúgbò wa, ìyẹn àwọn tó ń wo ìmọ́tótó àyíká kiri.

"Gọ́tà iwájú ilé yín, tiwa ni mà," ó ní. "Lọ́jọ́bọ̀, mo máa wá wò ó. Ṣùgbọ́n kànáàlì ńlá tó ń tú sí, ti ìpínlẹ̀ nìyẹn. A ò lè fọwọ́ kàn án."

"Ilé ńkọ́?"

"Nọ́ńbà tó wà lára ilé, àwa la kọ ọ́. Orúkọ àdúgbò, àwa la fún un. Bóyá àgbàlá mọ́, àwa là ń wò ó. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ògiri ló sán, ìpínlẹ̀ ló ń sọ bóyá ilé lè dúró tàbí kí wọ́n wó o."

Ẹnu yà mí. Láyé mi, ìjọba ni ìjọba, bí ẹni tí ń sọ pé òjò ni òjò. N kò mọ̀ pé ilé kan ṣoṣo tí mo ti ń jẹ ẹ̀kọ láti kékeré, ọwọ́ méjì ló dì í mú, ọ̀kan mú nọ́ńbà, èkejì mú ògiri. Nígbà tí mo jáde, ìjà ti kúrò lára mi. Mo padà sí àdúgbò, mo ń tẹ̀ lé gọ́tà náà lọ, títí mo fi dé ibi tó ti ń tú sí kànáàlì. Mo dúró síbẹ̀ bí ọmọdé. Omi káńsù ń ṣàn lọ di omi ìpínlẹ̀, ó ń gba ibẹ̀ lọ sí ọ̀sà, kò kí ẹnìkan, kò sì kọ̀wé sí ẹnìkan. Àwọn tó ń kọjá ń wò mí pé kí ló ń ṣe mí.

Inú mọ́tò tó ń gbé mi padà sí Sùúrùlérè ni mo ti rántí pé n kò sọ fún ìyá àgbà. Mo yọ fóònù, mo sì tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ kan pẹ̀lú ìkánjú: "Mama, wolewole n bo ni Thursday laaro. E ma jade o." Kò pẹ́ tí èsì fi dé: "Mo ti gbo." Mo ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ọ̀rọ̀ tán.

Lọ́jọ́bọ̀, èmi àti wolé-wolé pàdé ní orígun àdúgbò, a sì jọ rìn dé iwájú ilé. Ilẹ̀kùn kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹnu ọ̀nà là sílẹ̀ gbayawu. Ní òdìkejì ọ̀nà, wọ́n tẹ́ ilẹ̀kùn náà sórí bẹ́ǹṣì méjì, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó. Ìyá àgbà jókòó tì í nínú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, rósárì ń bẹ lọ́wọ́, àpótí kékeré kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Káfíńtà aládùúgbò tó bá a tú ilẹ̀kùn dúró sẹ́yìn rẹ̀ tòun ti òòlù. N kò mọ ẹni tó kú.

"Ẹ káàárọ̀ mà," wolé-wolé kí i.

"Ẹ káàbọ̀," ìyá àgbà dáhùn, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n rárá. "Mo ti jáde bí ẹ ṣe ní kí n jáde. Mo ti gbá gbogbo ilé, kò sí ìdọ̀tí kankan. Ẹ jọ̀wọ́, òkè ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kó má baà ya lu ilé aládùúgbò."

Wolé-wolé wo ojú mi. Èmi náà wo ojú rẹ̀. Ìyá àgbà wá mú fóònù jáde nínú báàgì, ó nà án sí i. Obìnrin náà kà á sókè: "Wolé-wolé ń bọ̀. Ẹ má jáde o." Ó tún un kà bí ẹni tó ń kọ orin tuntun: "Wólé-wólé ń bọ̀. Ẹ máa jáde o." Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Háà, Màmá! Wíwò la wá wò o! Kò sẹ́ni tó fẹ́ wó nǹkan kan. Nítorí gọ́tà ni mo ṣe wá."

Ìyá àgbà rọra yí ojú sí mi. "Tíṣà," ó ní, "iṣẹ́ wo lo tún sọ pé ò ń ṣe?"

Káfíńtà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ojú tì mí bíi kí ilẹ̀ lanu. Ìyá àgbà sì sọ ìdí tó fi kà á bẹ́ẹ̀. Nígbà tó wà lọ́mọdé, wolé-wolé a máa wá yọjú sínú àmù omi, bóyá tanwíjí wà níbẹ̀. Ó ti pẹ́ tó rí irú wọn kẹ́yìn. Èyí tó ń rí báyìí ni katakátá, tó wó ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ níwájú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi di ẹrù rẹ̀, kò sunkún, kò pe ẹnìkan. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú ilé yẹn, ilẹ̀kùn bàbá rẹ̀ àgbà nìkan ló ní kí wọ́n bá òun gbà là. Nígbà tí a gbọ́ ọ, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu káfíńtà.

Wolé-wolé ń wo inú ilé. Ilẹ̀kùn yẹn kì í tì lọ́sàn-án, ara ògiri ló máa ń fara tì, inú òkùnkùn alẹ́ nìkan ni ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ ń hàn. Níbi tó ti kúrò yìí, ògiri sán láti ilẹ̀ dé àjà, ó fẹ̀ tó kí ọwọ́ wọ inú rẹ̀.

"Èyí kì í ṣe tiwa," ó ní jẹ́jẹ́. "Gọ́tà ni wọ́n ní kí n wá wò. Tí mo bá kọ èyí sílẹ̀, ìwé máa dé ọ̀dọ̀ ìpínlẹ̀. Wọ́n máa wá wò ó, wọ́n sì lè ní kí wọ́n wó o ní tòótọ́. Tí n ò bá kọ ọ́..." Bírò rẹ̀ dúró lórí ìwé.

Mi ò ní purọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, gọ́tà nìkan ni kí ẹ kọ," ti dé ètè mi.

Ìyá àgbà dìde, ó sọdá ọ̀nà, ó wọlé, ó ki ọwọ́ bọ inú ibi tó sán náà. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó yọ ọ́, eruku funfun ti bo ìka rẹ̀.

"Àwọn ọmọ tó ń gba ẹ̀gbẹ́ ògiri yìí lọ sílé ìwé," ó bi í, "ìjọba wo ló ni wọ́n?"

Wolé-wolé wo bírò ọwọ́ rẹ̀.

"Kọ ọ́, ọmọ mi," ìyá àgbà ní.

Orí mi wú. Mo ti kọ́ ọmọ títí, mo ti ka ìwé títí, n kò rí ohun tó ga tó èyí rí: obìnrin arúgbó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ilé rẹ̀ padà fún, tó tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ kí ọmọ ọlọ́mọ má baà kú. N kò lè wo ojú rẹ̀.

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, káńsù ti ko gọ́tà, káfíńtà sì ti dá ilẹ̀kùn padà. Lẹ́yìn náà ni àwọn ẹnjiníà ìpínlẹ̀ dé. Wọ́n ń fi òòlù kékeré lu ògiri, wọ́n ń fetí sí i bí dókítà. Wọ́n gba nọ́ńbà fóònù mi, wọ́n ní àwọn á pè. Láti Ọjọ́bọ̀ yẹn, ìyá àgbà kò tíì tú àpótí rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni wọ́n pè, mo wà nínú yàrá àwọn tíṣà. Wọ́n ní kí a ti ògiri náà lẹ́yìn, kí a sì tún un mọ, pé ilé yóò dúró. Omi bọ́ lójú mi. Mo yára tẹ̀ ẹ́: "Mama, won o wo o." Ó ku kí n fi ránṣẹ́ ni mo tún un kà. Wọn ò wó o. Ohun tí mo ní lọ́kàn nìyẹn. Mo wá fi ojú ìyá àgbà kà á. Wọn ó wó o. Lẹ́tà kan náà, kò lé, kò dín. Mo pa á rẹ́, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ìwé, mo wọ mọ́tò, ó di Pópó Àgùdà.

Ìyá àgbà jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. N kò tíì kí i tán tí mo fi sọ ọ́.

"Màmá, wọn ò wó o."

Ó tẹjú mọ́ ẹnu mi. "Tún un sọ," ó ní. "Rọra sọ ọ́, kí n gbọ́ ohùn rẹ̀ dáadáa."