Ìwé Tí Kò Ní Ìdánudúró

Ẹlẹ́nu-Abẹ ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin kan ní yunifásítì, ẹnu rẹ̀ ló sì fà á. Olùkọ́ wọn ní kí wọ́n ka ìwé ìtàn àròsọ kan tí kò ní àmì ìdánudúró kankan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Obìnrin kan ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀: ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá tí ọkọ rẹ̀ ti ń ṣàìsàn, ó ń rojọ́ adìẹ, ó ń rojọ́ kọ́kọ́rọ́, ó ń rojọ́ ìyá ọkọ. Ẹlẹ́nu-Abẹ ka ojú ewé díẹ̀, ó pa á dé.

Ó bi olùkọ́ ní kíláàsì pé, "Mà, ṣé wọ́n jí àmì ẹni tó kọ ọ́ kó ni? Mi ò rí ibi tí mo ti máa mí."

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Olùkọ́ ní, "Kà á tán ná, kó o tó bú u."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹni tó tọ́ ọbẹ̀ wò tó korò, ṣé dandan ni kó lá ìkòkò?"

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni inú rírun dá bàbá rẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà, dùbúlẹ̀. Dókítà ní ìfun ló lọ́ pọ̀, wọ́n sì gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ẹlẹ́nu-Abẹ àti ìyá rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì lóde. Ìyá yìí, tí ọ̀rọ̀ ṣọ̀wọ́n lẹ́nu rẹ̀, bá bẹ̀rẹ̀:

"Bàbá ẹ ò tíì kan ilẹ̀kùn ilé ìdáná, àga oníbàárà yẹn náà ṣì ku ẹsẹ̀ kan, mo ní kó má jẹ ẹ̀wà lálẹ́, àbí mi ò paná ni, mo pa á, bàtà tí àbúrò ẹ rà fún un ò tiẹ̀ gba ẹsẹ̀ ẹ̀…"

"Màámi, ẹ sinmi díẹ̀."

"Tí mo bá dákẹ́, dókítà á ráyè sọ̀rọ̀."

Ẹlẹ́nu-Abẹ yíjú wò ó. Obìnrin inú ìwé ló jókòó tì í yìí. Ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú.

"Bàtà wo ni, Màámi?" ó ní, kí ọ̀rọ̀ má baà tán.

Níkẹyìn dókítà jáde. "Ó ti jí o. Ṣòkòtò rẹ̀ ló ń béèrè."

"Èyí tó ya nídìí yẹn?" ni ìyá rẹ̀ wí, ó sì bú sẹ́kún.

Nígbà tí bàbá délé, Ẹlẹ́nu-Abẹ ka ìwé náà sókè títí ó fi parí. Níbì kan ó sunkún débi pé bàbá pariwo láti yàrá pé ta ló ń nà án.

Ó padà bá olùkọ́. "Mà, mo tutọ́ sílẹ̀, mo sì ti lá a. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà, níbo ló ti fẹ́ rí àyè dánu dúró? Ìwé yẹn dáa. Ṣùgbọ́n ibi tí ewúrẹ́ ti ń lálàá yẹn, ìranù ni, mà."

Olùkọ́ wo ẹnu ọ̀nà bóyá ẹnikẹ́ni ń bọ̀.

"Ibẹ̀ yẹn? Èmi náà máa ń fò ó ni."