Ọjọ́ Tí Òkè-ò-jìnnà Sọ̀ Kalẹ̀

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé òkè ló ti ń jẹun. Iṣẹ́ kíréènì ló ń ṣe, kíréènì gíga fíofío tí wọ́n fi ń gbé irin àti kọnkéré níbi tí wọ́n bá ti ń kọ́ ilé alájà púpọ̀. Ní àárọ̀ kùtùkùtù, á ti fọwọ́ fẹsẹ̀ gun àkàbà irin dé inú yàrá onígíláàsì tó wà lókè téńté, kò sì ní sọ̀ kalẹ̀ títí di ìgbà oúnjẹ. Bí wọ́n bá bi í pé ṣé kò rẹ̀ ẹ́, á ní, "Òkè ò jìnnà, ilẹ̀ ló jìn." Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Òkè-ò-jìnnà nìyẹn. Orúkọ náà mọ́ ọn lára débi pé ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, máa ń fi pè é bí inú ẹ̀ bá dùn. Bí inú ẹ̀ kò bá dùn, Dádì ló ń pè é, bí ọmọ wọn ṣe ń pè é.

Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún dáadáa. Kò mọ ọ̀nà ilé ìwòsàn, àyàfi ìgbà kan tí ọgbẹ́ inú dá a dùbúlẹ̀, tó ń bi ẹ̀jẹ̀. Ikùn rẹ̀ yọ díẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun, sìgá ló sì ń bá a ṣeré lókè níbi tí kò sí ẹni tó máa sọ pé kó má mu ún.

Ikú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀gbọ́n yìí ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó jókòó sétí ibùsùn, ó ń de okùn bàtà rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì ń bá a sọ̀rọ̀ láti ilé ìdáná. Nígbà tí obìnrin náà kò gbọ́ èsì, ó yọjú. Ọkọ rẹ̀ ti dojú bolẹ̀, okùn bàtà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ṣàìsàn. Kò sọ pé orí ń fọ́ òun. Wọ́n ní ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì.

Nígbà tí wọ́n sin ín tán, tí èrò túká, aránṣọ dá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dúró, ó kọjú sí ọkọ rẹ̀.

"Dádì, ẹ lọ yẹ ara yín wò."

"Kí ló ń ṣe mí?"

"Kí ló ń ṣe ẹ̀gbọ́n yín?"

Ó lọ.

Nílé ìwòsàn, wọ́n ní kó dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn tóóró kan, wọ́n tì í wọ inú ẹ̀rọ tó rí roboto bí òrùka ńlá, wọ́n ní kó sé èémí. Kí ẹ̀rù tó ráyè bà á, wọ́n ti ní kó dìde. Ó rò pé ó ti parí. Dókítà, obìnrin kan tí kò ju ọmọ rẹ̀ lọ lọ́jọ́ orí, ló fi sùúrù gbé àwòrán náà síwájú rẹ̀.

"Bàbá, nọ́ńbà yín ga."

"Ohun tó bá ga kì í bà mí lẹ́rù, dókítà."

Dókítà fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rín in tán. "Ẹni tí iṣan ọkàn rẹ̀ mọ́ tónítóní, òdo ni tiẹ̀. Bó bá ti kọjá irinwó, a ti ń sọ pé ó ga. Tiyín lé ní ẹgbẹ̀rin."

Ó wá ṣàlàyé. Ó ní ọ̀rá ti ń lẹ̀ mọ́ ara iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn láti ọdún gbọọrọ, ara sì ti fi kálísíọ̀mù rẹ́ ẹ, ohun funfun kan náà tó ń mú egungun le. Àwọn ibi tó funfun báláú nínú àwòrán nìyẹn, bí wọ́n ṣe pọ̀ tó ni nọ́ńbà náà ń sọ.

"Ṣé ẹ ò lè ha á kúrò ni?"

"Kò sí oògùn tó ń ha á, bàbá. Èyí tó ti le ti le. Èyí tó ṣì rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù, torí òun ló lè là lójijì, kí ẹ̀jẹ̀ dì síbẹ̀. Oògùn máa mú un dákẹ́. Kódà, bí ẹ bá ń lo oògùn, nọ́ńbà yẹn lè tún lọ sókè díẹ̀. Torí náà a ò ní máa lé nọ́ńbà. Ẹ̀mí yín la ń lé."

Òkè-ò-jìnnà bi í léèrè bóyá kí òun máa lo asipirín, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, torí ó mọ ẹnìkan níbi iṣẹ́ tó ń lò ó. Dókítà mi orí. Ẹni tí inú rẹ̀ ti ṣẹ̀jẹ̀ rí, asipirín lè dá ìjà tó ti parí sílẹ̀. Oògùn ọ̀rá ni kó máa lò, kó jáwọ́ nínú sìgá, kó sì padà wá rìn lórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dán ọkàn wò.

"Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?"

"Mo wà níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé," ló wí. Kò pa irọ́. Ṣùgbọ́n kò dárúkọ kíréènì.

Nígbà tó délé, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé wọ́n ní kí òun máa lo oògùn. Aránṣọ wò ó títí, ó tẹ ẹ̀rọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán nǹkan lọ. Obìnrin tó ti bá èèyàn gbé láti ìgbà tí irùngbọ̀n onítọ̀hún ti dúdú, ó mọ ìgbà tó yẹ kí òun béèrè, ó sì mọ ìgbà tó yẹ kí òun dúró.

Láti ọjọ́ náà lọ, òkè kò tún dùn mọ́ ọn. Ọkàn tí kò gbọ́ ìró rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, ó wá ń gbọ́ ọ nínú yàrá onígíláàsì náà, kìkì, kìkì, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Bó bá ń gun àkàbà, á dúró, á fọwọ́ lé àyà, á tún gùn ún. Ọkùnrin kan wà nísàlẹ̀ tó ń júwe fún un, tó ń fi rédíò kékeré sọ ibi tó máa gbé ẹrù sí. Wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́ tipẹ́, gbogbo ẹni tó wà níbi iṣẹ́ ń pè é ní Ajúwe. Ajúwe kígbe lórí rédíò láàárọ̀ ọjọ́ kan pé, "Ọ̀gá, ṣé ẹ ń bá àkàbà yẹn tọrọ ìyàwó ni? Ẹ máa gòkè!"

Ó rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ̀rín náà kò dé inú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí atẹ́gùn ń fẹ́, ó gbé ìdì irin kan sókè. Irin náà wà lójú òfuurufú, àwọn òṣìṣẹ́ sì wà nísàlẹ̀ bí èèrà. Bẹ́ẹ̀ ni àyà rẹ̀ fún pọ̀. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tutù, òógùn bò ó. Ó mọ̀ pé bí ọwọ́ bá kúrò lórí ọ̀pá ìdarí, ẹ̀rọ náà á dá ara rẹ̀ dúró. Bí ara bá wó lé ọ̀pá náà ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò jọ̀wọ́ bàtà nígbà tó ṣubú. Ó di okùn rẹ̀ mú.

Ó rọra sọ ẹrù náà kalẹ̀, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Nígbà tí irin fara kan ilẹ̀, ó pa ẹ̀rọ.

"Mo ń bọ̀ nílẹ̀," ló sọ sínú rédíò.

"Ọ̀gá, ìgbà oúnjẹ ò tíì tó o."

"Mo ní mo ń bọ̀."

Ó jókòó sórí àpò sìmẹ́ńtì, Ajúwe bu omi fún un. Nígbà tí èémí rẹ̀ balẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀: àwòrán, nọ́ńbà, ohun funfun tó wà nínú iṣan. Ajúwe bọ́ akoto orí rẹ̀, ó ń wo inú rẹ̀.

"Ọ̀gá, abẹ́ ẹrù yín ni mò ń dúró lójoojúmọ́."

"Mo mọ̀."

"Kì í ṣèmi nìkan."

"Mo mọ̀, àbúrò mi. Òun ló gbé mi sọ̀ kalẹ̀."

Wọ́n jọ lọ bá fọ́màn. Èèyàn líle ni fọ́màn, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ohùn rẹ̀ rọ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó máa lé e, ṣùgbọ́n kò ní gun àkàbà yẹn títí dókítà yóò fi sọ̀rọ̀, kó sì gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀. Ajúwe ló bá a lọ. Wọ́n wo ọkàn rẹ̀, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Wọ́n ní ẹ̀rù ló fún un láyà, kì í ṣe ọkàn. Ojú tì í díẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn díẹ̀. Dókítà kò jẹ́ kó pẹ́ lórí ìyẹn. Nígbà tó gbọ́ irú iṣẹ́ tí bàbá yìí ń ṣe, ó gbé bírò sílẹ̀.

"Ẹ ò sọ fún mi."

"Mi ò sọ."

"Ẹ jẹ́ ká lọ rìn."

Wọ́n lẹ wáyà mọ́ ọn láyà, wọ́n gbé e lé ẹ̀rọ tí èèyàn ń rìn lórí rẹ̀ tí kò kúrò lójú kan. Wọ́n ń mú un yára sí i, wọ́n sì ń gbé iwájú rẹ̀ sókè bí ìgbà téèyàn ń pọ́n òkè. Àyà kò dùn ún. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, ìlà tó ń jáde lára ẹ̀rọ náà yí padà. Dókítà ní apá kékeré kan nínú ọkàn ń fẹ́ ẹ̀jẹ̀ ju èyí tó ń rí lọ, ó kàn jẹ́ pé ìgbà tí iṣẹ́ pọ̀ gan-an ló ń hàn.

Ọ̀nà méjì ló gbé síwájú rẹ̀. Wọ́n lè ti ọ̀pá rọ́bà tín-ín-rín gba ọrùn ọwọ́ lọ sínú iṣan ọkàn, kí wọ́n wo ibi tó há, kí wọ́n sì fi àwọ̀n wáyà kékeré kan ṣí i sílẹ̀ bó bá yẹ. Tàbí kó lo oògùn dáadáa ná, kó máa rìn, kí wọ́n máa ṣọ́ ọ. Ó ní fún ẹni tí àyà kì í dùn, tí ibi tó hàn sì kéré, ọ̀nà kìíní kò fi dandan mú ẹ̀mí gùn ju èkejì lọ. Ó ní kó lọ bá àwọn ará ilé rẹ̀ jíròrò.

Bó ṣe di pé ó sọ nọ́ńbà náà fún ìyàwó rẹ̀ nìyẹn. Aránṣọ kò pariwo. "Mo ti ń dúró de ọ̀rọ̀ yìí," ló wí, ó sì fi etí aṣọ tó ń rán nu ojú.

Lọ́jọ́ ìsinmi, ọmọbìnrin wọn tó ń ṣe olùkọ́ wálé. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n tó di opó náà wá. Ọmọ kò fẹ́ gbọ́ àlàyé rárá.

"Dádì, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é kíákíá. Kí lẹ tún ń rò? A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá."

"Ìwọ tí abẹ́rẹ́ ń lé sá, o ti di oníṣẹ́ abẹ?" ni bàbá rẹ̀ wí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ọmọ náà sì bú sẹ́kún láàárín ẹ̀rín.

Opó ló sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ọkọ mi ló máa ń pe àbúrò ọkọ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé.

"Ọkọ mi, ẹ̀gbọ́n yín ò rí ọjọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n fi bi í pé èwo lo fẹ́. Ẹ̀yin rí i. Ẹ má fi ìbẹ̀rù yàn, ẹ má sì fi agídí yàn. Ohun kan ni mo fẹ́ sọ. Kó tó lọ, ó ti ń dúró láàárín àtẹ̀gùn, á di ọwọ́ àtẹ̀gùn mú. Bí mo bá bi í, á ní bàtà ló ń fún òun. Bó bá di pé ẹ̀yin náà ń dúró lórí àtẹ̀gùn, ẹ má di ẹ̀bi rẹ̀ ru bàtà."

Òkè-ò-jìnnà wo ilẹ̀ títí, ó ní òun á kọ́kọ́ lo oògùn. Ó bá wọn dá májẹ̀mú lójú gbogbo wọn: bí àyà bá dun òun bó ti wù kó kéré mọ, bí èémí bá ń há òun lójú ọ̀nà, wọn ò ní bẹ òun kí òun tó lọ gba ọ̀pá rọ́bà náà. Dókítà ní ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kíréènì tì. Kò tún ní gùn ún mọ́.

Èyí ló dùn ún jù. Ó dùn ún ju nọ́ńbà lọ. Wọ́n fi í sí ilẹ̀ pẹ̀lú Ajúwe, kí wọ́n jọ máa darí ẹrù, wọ́n sì gba ẹlòmíì sókè. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó gbé ojú sókè wo yàrá onígíláàsì náà, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ajúwe ṣe bí ẹni tí kò rí i.

"Oòrùn yìí le o, ọ̀gá."

"Ó le," ló dáhùn.

Sìgá náà kò fi í sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìgbà kan wà tó mu ún lẹ́yìn ilé, ó fọ ẹnu, ó jẹ èso, ó wọlé. Ẹ̀rọ aránṣọ dákẹ́. Obìnrin náà kò sọ̀rọ̀, kò sì rán nǹkan kan mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn wọ̀ ọ́ lára ju ìbínú lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kó èyí tó kù fún un, ó ní kó bá òun jù ú nù. Láti ìgbà náà, wọ́n jọ ń rìn láàárọ̀, gba títì ẹ̀yìn ilé lọ síbi afárá, wọ́n á padà. Aránṣọ ló ń yára jù, ó sì ń yọ ọ́ lẹ́nu pé ẹni tó ń gun ojú ọ̀run kò lè rìn lórí ilẹ̀.

Nígbà tó padà lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ọ̀rá inú rẹ̀ ti wálẹ̀ gan-an. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pàápàá ti wálẹ̀. Ẹ̀rù ṣì máa ń bà á nígbà míì bó bá fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn, tó sì ń gbọ́ ọkàn rẹ̀ nínú ìrọ̀rí. Á yí padà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún.

Òkè-ò-jìnnà ní àbúrò obìnrin kan, dókítà ní kí òun náà wá yẹ ara rẹ̀ wò, torí ọ̀rọ̀ yìí máa ń wà nínú ẹbí. Àbúrò yìí ní ilé búrẹ́dì. Òkè-ò-jìnnà bá a níbi tó ti ń po ìyẹ̀fun, ó sọ ìdí tí òun fi wá.

"Bùọ̀dá mi, mi ò fẹ́ mọ̀," ni obìnrin náà wí. Kò gbé ojú sókè.

"Èmi náà ò fẹ́ mọ̀."

"Ẹ wá mọ̀ ọ́n tán, kí ló fún yín? Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín."

Òkè-ò-jìnnà mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó fa àga kan, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ààrò níbi tí ooru ti ń jáde, ó sì ń wo ọwọ́ àbúrò rẹ̀ nínú ìyẹ̀fun. Ó pẹ́ kó tó dìde. Àbúrò náà kò tíì lọ yẹ ara rẹ̀ wò títí di òní. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò bá a jà, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀sẹ̀ ló ń dé ibẹ̀, á ra búrẹ́dì tí kò fẹ́, á tún bi í.